Oògùn Tairọ́ọ̀dù àti Ewu tó Fara Pamọ́ sórí Kíndìnrín

Àárẹ̀ tí kì í lọ, òòyì tí ń kọ́ni bí a bá dìde lójijì, oúnjẹ tí kò wu ẹnu jẹ: àwọn àmì wọ̀nyí wà lára ohun tí àwọn aláìsàn ń gbé lọ síwájú dókítà lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń dá ibà tàbí táífọ́ọ̀dù lẹ́bi. Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ a fi hàn pé ẹṣẹ́ tairọ́ọ̀dù, tí ó wà níwájú ọrùn, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Dókítà yóò kọ oògùn, aláìsàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, gbogbo ilé yóò sì máa retí pé kí ara rẹ̀ yá.

Fún èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń lo oògùn náà, ara a máa yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tó jẹ́ pé kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ni yóò máa le sí i. Láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èébì yóò bẹ̀rẹ̀, inú yóò máa ro wọ́n, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn yóò sì máa lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn náà burú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ohun tó fà á ni pé ẹṣẹ́ mìíràn, tí à ń pè ní ádírẹ́nà, ti ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Àjọṣe tó wà láàárín àìsàn ẹṣẹ́ méjèèjì yìí ni àlàyé wa dá lé lórí, nítorí pé ìmọ̀ nípa rẹ̀ lè gba ẹ̀mí là.

Ẹṣẹ́ méjì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹṣẹ́ ni ẹ̀yà ara tí ń pèsè oje tí ara ń lò. Àwọn kan nínú wọn a máa tú oje wọn sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e káàkiri ara bí ìránṣẹ́ ọba ṣe ń jíṣẹ́ láti ìletò dé ìletò. Oje tí ń jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní họ́mọ̀nù.

Ẹṣẹ́ tairọ́ọ̀dù ní ìrísí labalábá. Òun náà ló ń wú tí gẹ̀gẹ̀ fi ń yọ. Họ́mọ̀nù rẹ̀ ló ń pinnu bí ara yóò ṣe yára tó láti sọ oúnjẹ di agbára: bí ọkàn yóò ṣe máa lù, bí ara yóò ṣe móoru, àti bí ìfun yóò ṣe ṣiṣẹ́. Bí họ́mọ̀nù yìí bá kéré, ohun gbogbo a falẹ̀: òtútù a máa mú ènìyàn, ara a máa wúwo, ìgbẹ́ a máa gbẹ, awọ ara náà a sì gbẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, àyà a máa lù kìkì, ènìyàn a máa rù, ọwọ́ a sì máa gbọ̀n.

Ẹṣẹ́ ádírẹ́nà jẹ́ méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sórí kíndìnrín bí fìlà. Èèpo òde wọn ló ń pèsè họ́mọ̀nù cortisol àti aldosterone. Cortisol ni ara gbára lé ní ọjọ́ ìnira. Bí àìsàn bá dé, bí a bá fara pa, tàbí bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn, òun ni kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Aldosterone ní tirẹ̀ ló ń bá ara ṣọ́ iyọ̀ kí ó má bàa bá ìtọ̀ lọ. Ènìyàn lè wà fún oṣù púpọ̀ pẹ̀lú tairọ́ọ̀dù tó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí cortisol bá tán lára rẹ̀ pátápátá kò lè pẹ́ láyé bí kò bá rí ìtọ́jú.

Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá di ọ̀tá ilé

Ara ènìyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni olórí wọn, iṣẹ́ wọn sì ni láti dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí onílé, kí wọ́n lè gbógun ti kòkòrò àrùn. Nínú ara àwọn kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a máa ṣi onílé mú fún àlejò, wọn a sì kọjú ìjà sí ẹ̀yà ara tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Irú àìsàn abẹ́lé bẹ́ẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ń ba tairọ́ọ̀dù jẹ́ níbi tí àwọn ènìyàn ti ń rí áyódíìnì tó nínú iyọ̀ wọn.

Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni èyí tí Hakaru Hashimoto, dókítà ọmọ ilẹ̀ Japan, ṣàpèjúwe ní ọdún 1912 lára àwọn obìnrin mẹ́rin. Nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a máa jẹ ẹṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí họ́mọ̀nù rẹ̀ yóò fi kéré jù. Èkejì ni èyí tí Robert Graves ṣàpèjúwe ní ilẹ̀ Ireland ní ọdún 1835, níbi tí ohun ìjà ara ti ń lé ẹṣẹ́ náà sáré títí họ́mọ̀nù rẹ̀ yóò fi pọ̀ jù.

Irú ogun abẹ́lé kan náà lè dé bá ádírẹ́nà. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ̀ pé àìsàn tairọ́ọ̀dù kọ́ ló ń bí àìsàn ádírẹ́nà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni gbòǹgbò: àbùdá kan tí ènìyàn jogún láti ìdílé, tí ó ń mú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tètè ṣìnà. Ẹ̀ṣọ́ tó bá sì ti ṣìnà lẹ́nu ọ̀nà kan lè ṣìnà lẹ́nu ọ̀nà mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí oríṣi àtọ̀gbẹ tí ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó nílò abẹ́rẹ́ insulin, àwọ̀ funfun tí ń yọ lára, tàbí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró láìtọ́jọ́, nínú ara ẹni kan náà tàbí nínú ìdílé kan náà.

Kí a má ṣe dẹ́rù bani. Àìsàn ádírẹ́nà yìí ṣọ̀wọ́n. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Yúróòpù, nǹkan bí ènìyàn 100 sí 140 nínú mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni ó ń bá jà. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní àìsàn tairọ́ọ̀dù kò ní rí i láé. Ṣùgbọ́n tí a bá wò ó láti apá kejì, ọ̀rọ̀ yí padà: nínú àwọn tí ẹ̀ṣọ́ ara ti ba ádírẹ́nà wọn jẹ́, nǹkan bí ìdajì ni ó tún ní àìsàn abẹ́lé mìíràn, ti tairọ́ọ̀dù ló sì wọ́pọ̀ jù. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì sábà máa ń fara hàn láàárín ọmọ ogún ọdún sí ogójì.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe rí okùn tó so wọ́n pọ̀

Thomas Addison, dókítà ní ilé ìwòsàn Guy's ní ìlú London, ló kọ́kọ́ tú àṣírí àìsàn ádírẹ́nà nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1855. Aláìsàn 11 ló ṣàpèjúwe nínú rẹ̀. Ara wọn ń di ahẹrẹpẹ, awọ wọn sì ń dúdú. Nígbà náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ẹṣẹ́ náà ni olórí ohun tí ń fà á. Orúkọ Addison ni a ṣì ń fi pe àìsàn náà títí di òní.

Ní ọdún 1926, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Martin Benno Schmidt, ṣe àyẹ̀wò òkú ènìyàn méjì tí àìsàn Addison pa. Kò rí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ohun tó rí ni pé sẹ́ẹ̀lì funfun ti kún inú ádírẹ́nà wọn, wọ́n sì ti kún inú tairọ́ọ̀dù wọn bákan náà. Èyí ló mú kí a máa fi orúkọ Schmidt pe ìpàdé àìsàn méjèèjì. Ní ọdún 1956, àwọn onímọ̀ ní London, Ivan Roitt, Deborah Doniach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi hàn pé ohun ìjà tí ara ṣe lòdì sí tairọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn Hashimoto. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó di ọ̀tá ilé ti fìdí múlẹ̀.

Ààrẹ John F. Kennedy ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1947, nígbà tí ó ṣàìsàn ní London, ni wọ́n sọ fún un pé ó ní àìsàn Addison. Ó tún ń lo họ́mọ̀nù tairọ́ọ̀dù nígbà tí ó wà lórí oyè. Eunice, arábìnrin rẹ̀, ní àìsàn Addison pẹ̀lú. Ní ọdún 2009, dókítà Lee Mandel kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn, níbi tó ti sọ pé ó jọ pé ìpàdé àìsàn tairọ́ọ̀dù àti ádírẹ́nà yìí gan-an ló ń bá Kennedy jà. Ẹni tó ní in lè ṣiṣẹ́ ńlá láyé, bí ó bá ti ń rí oògùn rẹ̀ lò.

Ìdí tí oògùn tó dára fi lè di ewu

Ẹ jẹ́ kí a fi àmù omi ṣe àpèjúwe. Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú àmù ilé kan kù díẹ̀. Bí àwọn ará ilé bá ń sùn, omi náà lè wà títí di ọjọ́ kejì. Bí gbogbo wọn bá jí lẹ́ẹ̀kan náà tí òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n, àmù yóò gbẹ kí oòrùn tó là.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni cortisol rí. Nígbà tí tairọ́ọ̀dù bá ń falẹ̀, ara kì í béèrè cortisol púpọ̀, ẹ̀dọ̀ náà kì í sì í tètè pa á run. Ìwọ̀nba tí ádírẹ́nà tó ń kú lọ bá lè ṣe yóò máa tó ara lò. Nígbà tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn levothyroxine, ara yóò jí. Ìlò cortisol yóò pọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á run kíákíá. Ádírẹ́nà tó ti bàjẹ́ kò ní lè pèsè àfikún, àmù yóò sì gbẹ. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ìdágìrì ádírẹ́nà nìyí: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò já wálẹ̀, èébì kò ní dúró, iyè ẹni náà lè ra, ó sì lè kú bí kò bá tètè rí ìtọ́jú. Àìsàn Graves náà lè fa irú ewu yìí láìsí oògùn kankan, nítorí pé ara tó ń sáré jù a máa ná cortisol ní ìnákúnàá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rúni lójú. Ẹṣẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń rán TSH jáde láti pàṣẹ fún tairọ́ọ̀dù pé kí ó ṣiṣẹ́. Cortisol a máa dín TSH yìí kù díẹ̀. Bí cortisol bá ṣọ̀wọ́n nínú ara, TSH lè gòkè díẹ̀ nínú àyẹ̀wò, kí a sì rò pé tairọ́ọ̀dù ló ṣàìsàn. Bí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní cortisol tó sọnù, TSH rẹ̀ lè padà sí ipò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìlo oògùn tairọ́ọ̀dù rárá.

Òfin tí gbogbo èyí bí kò le láti rántí. Bí ẹṣẹ́ méjèèjì bá ń ṣàìsàn, ádírẹ́nà ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, kí tairọ́ọ̀dù tó tẹ̀lé e. Bí ìfura bá wà nípa ádírẹ́nà, ó yẹ kí dókítà ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ levothyroxine.

Àwọn àmì tó yẹ kí a máa ṣọ́

Àárẹ̀ wà nínú àìsàn méjèèjì, nítorí náà àárẹ̀ nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wo àwọn àmì tí kò bá àìsàn tairọ́ọ̀dù tó ń falẹ̀ mu: kí ènìyàn máa rù dípò kí ó máa sanra, kí iyọ̀ máa wù ú jẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí òòyì máa kọ́ ọ bí ó bá dìde, kí inú máa ro ó, kí èébì sì máa gbé e. Nínú ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tó ń gba insulin, bí ṣúgà bá ń já wálẹ̀ léraléra láìnídìí, ìyẹn náà jẹ́ àmì.

Àwọ̀ tó ń dúdú ni àmì tó gbajúmọ̀ jù. Bí cortisol bá tán, ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ a máa pariwo pe ádírẹ́nà pẹ̀lú họ́mọ̀nù ACTH, ariwo náà a sì máa mú kí àwọ̀ ṣú. Lára aláwọ̀ funfun, èyí tètè ń hàn. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè fara pamọ́, nítorí náà ibi tí a máa wò yàtọ̀: ìlà àtẹ́lẹwọ́, oríkèé ìka, ahọ́n, erìgì, ẹ̀yìn ètè, àti ojú àpá tuntun. Erìgì ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú láti ìgbà èwe, èyí kì í ṣe àìsàn. Ìyípadà ni kí a máa wá: ibi tó pọ́n tẹ́lẹ̀ tó wá ń ṣú. Àwọn ará ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Dókítà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyẹ̀wò cortisol inú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nítorí pé àsìkò yẹn ló yẹ kí ó pọ̀ jù. Yóò tún wo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó máa ń lọ sílẹ̀, àti potassium, èyí tó máa ń gòkè. Bí iyèméjì bá ṣì wà, wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò Synacthen: a óò gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń pàṣẹ fún ádírẹ́nà, a óò sì wọn cortisol lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan. Ádírẹ́nà tó lera yóò dáhùn, èyí tó ti bàjẹ́ kò ní dáhùn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a fi oògùn rọ́pò ohun tó sọnù. Hydrocortisone ló ń rọ́pò cortisol, àgbà a sì máa lo nǹkan bí mílígíráàmù 15 sí 25 lójúmọ́, tí a pín sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó pọ̀ jù lówùúrọ̀. Fludrocortisone ló ń rọ́pò aldosterone. Lẹ́yìn tí èyí bá ti fìdí múlẹ̀ ni levothyroxine yóò wọlé, bí tairọ́ọ̀dù bá ṣì nílò rẹ̀. Ìtọ́jú náà jẹ́ ti gbogbo ọjọ́ ayé.

Nínú ara tó lera, ádírẹ́nà a máa fi cortisol kún tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ ibà. Ẹni tó ń gbé oògùn mì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un. Dókítà yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ ìwọ̀n rẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bí ibà bá mú un. Bí èébì kò bá jẹ́ kí oògùn dúró nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó sáré lọ fún abẹ́rẹ́ hydrocortisone mílígíráàmù 100 àti omi iyọ̀ tí a ń fà sára. A kì í dúró de èsì àyẹ̀wò kí a tó gún un. Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa mú káàdì kan káàkiri tó sọ àìsàn rẹ̀, kí ó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó gba ààwẹ̀.

Ohun tó kan ilẹ̀ wa ní pàtàkì

Ogun abẹ́lé nìkan kọ́ ló ń ba ádírẹ́nà jẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí Addison rí kò tíì kúrò láàárín wa, ó sì ṣì lè wọ inú ẹṣẹ́ yìí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ, tí omi ọyàn rẹ̀ kò sun, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò sì padà, lè jẹ́ pé ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ló bàjẹ́. Tairọ́ọ̀dù àti ádírẹ́nà rẹ̀ yóò dákẹ́ pa pọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ń pàṣẹ fún wọn mọ́. Àwọ̀ tirẹ̀ kì í ṣú, ṣùgbọ́n òfin ìtọ́jú kan náà ló dè é: ádírẹ́nà lákọ̀ọ́kọ́.

Ewu mìíràn wà tí ọwọ́ ara wa ń fà. Prednisolone àti dexamethasone, tí àwọn kan ń rà lọ́jà kí ara wọn lè sanra tàbí kí oríkèé má dùn wọ́n, jẹ́ ẹbí cortisol. Ọ̀pọ̀ ìpara tí ń bó àwọ̀ náà ní irú èròjà yìí nínú, bí clobetasol. Bí ènìyàn bá lò wọ́n pẹ́, ádírẹ́nà rẹ̀ yóò gbà pé òun kò níṣẹ́ mọ́, yóò sì sùn. Bí ó bá dá wọn dúró lójijì, tàbí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tairọ́ọ̀dù ní àkókò náà, ìdágìrì lè dé. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìpara tàbí hóró oògùn kankan pamọ́ fún dókítà. Díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ àbójútó, ni a ń jáwọ́ nínú wọn.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó ń lo levothyroxine tí ara rẹ̀ ń yá, kí ó máa lò ó lọ láìbẹ̀rù. Ẹni tí ara rẹ̀ ń burú sí i lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ó má sì ṣe fi kún un. Kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà ní kíákíá, kí ó ka àwọn àmì tó ń rí lára rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì béèrè bóyá a ti yẹ ádírẹ́nà òun wò. Ẹni tí ó bá sì ń bì tí kò dúró, tó dákú tàbí tí iyè rẹ̀ ń ra, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́gán, kí a má dúró di ọ̀la.